PlayStation àbí plẹ́yà DVD? Ẹ fa páálí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde ná

Òkun o, gbogbo ilé. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ gan-an, mo sì mọ ohun tó fà á, owó kajú ti dé, kálukú ti ń wo ohun tó máa fi tún pálọ̀ ẹ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ téèyàn lè fi wo fíìmù nílé ló pọ̀ jù nínú wọn, nítorí náà òun nìkan la máa sọ lónìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè ọ̀rọ̀ fóònù, ẹ fọwọ́ wọ́nú, ó di oṣù tó ń bọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, Kàbà níbí ni mò ń gbé. Plẹ́yà wa ti kú látọdún tó kọjá, ìyá àwọn ọmọ sì fẹ́ràn fíìmù Yorùbá bí ojú, páálí àwo ẹ̀ kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní yunifásítì ní kí n má wulẹ̀ ra DVD mọ́, ó ní PlayStation 4 tòkunbọ̀, ẹ̀rọ géèmù tí wọ́n ń pè ní PS4, ni kí n rà, pé èèyàn lè fi gbá géèmù, èèyàn sì lè fi wo fíìmù. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà tún ní òun máa fi PS5 ránṣẹ́. Tẹlifíṣọ̀n wa, ínǹṣì 32 ni. Iná, ẹ mọ̀ bó ṣe ń ṣe wá, ínfátà kékeré kan àti bátìrì ẹyọ kan la ní. Èwo ni kí n gbà nínú ẹ̀?
Bàbá Tíṣà, Kàbà

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú ilé o, ẹ kú ọmọ. Kẹ́ ẹ tó dá èyíkéyìí nínú àwọn ọmọ yẹn lóhùn, ẹ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Màmá kẹ́ ẹ fa páálí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn jáde, ibẹ̀ ni ìdáhùn wà. Ẹ mú àwo kọ̀ọ̀kan, ẹ wo ojú tí wọ́n ya àwòrán sí, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ lẹ́tà kéékèèké sí. Tẹ́ ẹ bá rí VCD lára ẹ̀, tí fíìmù kan sì jẹ́ àwo méjì, part 1 àti part 2, ọ̀rọ̀ PS4 ti kúrò ńlẹ̀ nìyẹn.

Ṣé ẹ rí i, VCD, CD lásán ni, irú èyí tí wọ́n ń kó orin sí, fíìmù ni wọ́n wá rọ́ sínú ẹ̀. Láti 1993 ni wọ́n ti gbé ètò ẹ̀ kalẹ̀, kò sì lè gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 lọ, ìdí tó fi jẹ́ pé ibi tí ọkọ ti ń di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú tó fẹ́ ká ìyàwó ẹ̀ mọ́lé gan-an ni àwo á ti tán, ẹ ó wá dìde lọ fi èkejì sí i. Àwọn plẹ́yà DVD olówó pọ́ọ́kú tó ń ti Ṣáínà wá, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló ń jẹ VCD. PS4 ò jẹ ẹ́. PS5 ò jẹ ẹ́. PS2 àti PS3 tó ṣíwájú wọn náà ò jẹ ẹ́. Kódà PS4 àti PS5 ò lè kọ CD orin lásán, tẹ́ ẹ bá ki àwo orin ìyìn kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu á ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. PlayStation kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tó ń ṣe VCD ni PS1 funfun kan tí wọ́n tà ní ilẹ̀ Éṣíà nígbà kan, ìyẹn ò sì sí lọ́jà Kàbà, kò sí ní Lọ́kọ́ja náà.

Ọbẹ̀ tí baálé ilé kì í jẹ, ìyáálé ilé kì í sè é. Bẹ́ ẹ bá gbé PS4 wálé láì wo páálí yẹn, àwo Màmá máa di ohun tá à ń so mọ́ igi lóko ọkà bàbà kí ẹyẹ má bàa balẹ̀, ohun tí Màmá sì máa sọ lọ́jọ́ náà, ẹ má pè mí sí i.

Mi ò ní kí ọmọ yín parọ́ o. PS4 tó jáde ní 2013 ń ṣe DVD, ó ń ṣe Blu-ray, irú àwo fíìmù tó mọ́ ju DVD lọ, ó sì ń ṣe é dáadáa, fíìmù tó wà lórí fláàṣì náà ó lè gbé e jáde. Àwọn èèyàn ti ń fi géèmù wo fíìmù tipẹ́, nígbà tí PS2 jáde ní 2000 ọ̀pọ̀ ilé ní Jàpáànù ló jẹ́ pé òun ni plẹ́yà DVD tí wọ́n kọ́kọ́ ní, nígbà tí PS3 sì dé ní 2006 ó rọjú ju ọ̀pọ̀ plẹ́yà Blu-ray tó wà lórí àtẹ nígbà yẹn lọ, àwọn tí ò mọ bí wọ́n ṣe ń di pádì tí wọ́n fi ń gbá géèmù mú pàápàá rà á tìtorí fíìmù. Ṣùgbọ́n nítorí Blu-ray ni wọ́n ṣe rà á. Blu-ray kan ń gba 25GB tàbí 50GB, DVD lásán 4.7GB ni, tó bá jẹ́ onípele méjì 8.5GB, àwòrán Blu-ray sì ní ìlà 1080 níbi tí DVD ti ní 480 tàbí 576, ó mọ́ kedere jù ú lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá, ta ló ń ta Blu-ray ní Kàbà? Èmi ò tíì rí i lórí àtẹ kankan níbẹ̀. Lórí ínǹṣì 32, tẹ́ ẹ bá jókòó sórí àga ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, ìyàtọ̀ yẹn ò lè mú yín pariwo.

Ó wá kan iná. Plẹ́yà DVD, ọ̀pọ̀ wọn ò gbà ju wáàtì 10 sí 15 lọ. PS4 àkọ́kọ́ yẹn, tó bá ń ṣe fíìmù, á gba bí 80 sí 100. Ká ní bátìrì yín jẹ́ 12V, 100Ah, tẹ́ ẹ sì ń lo ìdajì ẹ̀ kó má bàa tètè kú, bíi 600 wáàtì-wákàtí lẹ ní lọ́wọ́, ínfátà fúnra ẹ̀ á sì jẹ díẹ̀ nínú ẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n gba 50, plẹ́yà gba 15, ẹ ó wo fíìmù tó wákàtí 7 kí ínfátà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ẹ yọ plẹ́yà, ẹ fi PS4 sí i, kò ní pé wákàtí 4. Ìyẹn tí fíìmù nìkan ni o, tí ọmọ yín bá wá fi gbá bọ́ọ̀lù, iye wáàtì yẹn tún gòkè sí i, kẹ́ ẹ tó jẹun alẹ́ tán òkùnkùn ti bo ilé.

Tí iná ọba bá sì já lójijì, plẹ́yà á kàn kú ni, tí iná bá padà dé ẹ ó tún tàn án. PS4 ní háàdì dísíkì nínú, kì í fẹ́ kí wọ́n já iná mọ́ ọn lórí. Tẹ́ ẹ bá tún tàn án, á kọ́kọ́ bá yín wí pé ẹ ò pa òun bó ṣe yẹ, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ inú ara ẹ̀ wò, tó bá di lemọ́lemọ́ ó lè ba ohun tó wà nínú ẹ̀ jẹ́.

Nǹkan kan tún wà táwọn ọmọ kì í rò. PS4 ò ní rímóòtù nínú páálí, pádì la fi ń darí ẹ̀, pádì sì ní bátìrì tiẹ̀ tó ń fẹ́ cháàjì. Màmá fẹ́ lọ wo ọbẹ̀ lórí iná, ó fẹ́ dá fíìmù dúró, pádì ti kú. Ẹ ó gbọ́ orúkọ yín ní pálọ̀.

Ti PS5 tó fẹ́ ti Amẹ́ríkà wá wàyí. Kí ẹ̀gbọ́n yà á ní fọ́tò ránṣẹ́ síi yín kó tó sanwó, kẹ́ ẹ wo iwájú ẹ̀ bóyá ó ní ẹnu tí àwo ń gbà wọlé. Ní 2020 méjì ni wọ́n gbé jáde, ọ̀kan lẹ́nu, èkejì tí wọ́n ń pè ní Digital Edition ò lẹ́nu rárá. Èyí tó tínrín tó jáde ní ìparí 2023, ẹnu ẹ̀ ṣeé yọ, ṣeé fi sí i, bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi sí i fúnra yín ó gbọ́dọ̀ kan íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan kó tó gbà á. PS5 Pro ti 2024 ò bá ẹnu wá, ẹ ó ra tiẹ̀ lọ́tọ̀. Àánú àwọn tó ń fowó dọ́là ra PS5 tí ò lẹ́nu fún bàbá tó ní páálí àwo máa ń ṣe mí.

Tó bá wá lẹ́nu ńkọ́? Ó ń ṣe Blu-ray 4K, èyí tí àwòrán ẹ̀ tún mọ́ ju ti Blu-ray lásán lọ, ohun tí PS4 ò lè ṣe, PS4 Pro pàápàá ò lè ṣe é. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n tí ò bá jẹ́ 4K, bí ẹni da oyin sínú kòkò tó ń jò ni. Agbègbè tún wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tó ń ṣe DVD pín ayé sí agbègbè, Amẹ́ríkà jẹ́ 1, àwa níbí jẹ́ 5, ẹ̀rọ tí wọ́n rà ní Amẹ́ríkà ò ní gba DVD tí wọ́n fi àmì 5 sí. Ti Blu-ray, lẹ́tà ni wọ́n fi pín in, A ni ti Amẹ́ríkà, B ni ti wa. Àwo tí wọ́n kọ ALL sí lára ò níṣòro, Blu-ray 4K náà ò ní agbègbè. Plẹ́yà kéékèèké ọjà wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gba gbogbo agbègbè, wọn ò lẹ́gbẹ́ nínú èyí.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé fọ́tééjì. PS2 tòkunbọ̀ ni mo fi jẹ ìyà tèmi. Ọkùnrin tó tà á fún mi, mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ó ní ó ń ṣiṣẹ́ gírígírí, mo gbé e dé ilé, mo ki wáyà ẹ̀ bọ ògiri, mo gbọ́ pàá, òórùn rọ́bà tó ń jó gba gbogbo yàrá. Ìgbà yẹn ni mo wá yí i padà wo ìdí ẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba: 120V. Ti Amẹ́ríkà ni, 220 ilẹ̀ wa ti pa á. PS4 àti àwọn tó dé lẹ́yìn ẹ̀ ò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní dẹ́kun sísọ ọ́, ẹ yí ẹ̀rọ tòkunbọ̀ yòówù padà kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i lẹ́yìn. 100-240V ni kẹ́ ẹ máa wá. Tó bá jẹ́ 110 tàbí 120 nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ gbé e kalẹ̀ fún un.

Bàbá, plẹ́yà DVD ni kẹ́ ẹ rà, owó ẹ̀ ò tó ìdá mẹ́wàá owó PS5. Kẹ́ ẹ rí i pé wọ́n kọ VCD sí iwájú ẹ̀, pé ó ní ihò USB, kó sì ní HDMI, tẹlifíṣọ̀n yín tó jẹ́ 32 máa ní tiẹ̀, ó mọ́ ju wáyà pupa, funfun, yẹ́lò yẹn lọ. Ẹ mú àwo Màmá mẹ́ta dání lọ sọ́jà, VCD kan, DVD kan, àti èyí tó ti họ jù lọ nínú wọn, kí oníṣọ́ọ̀bù fi wọ́n ṣe é lójú yín. Ó máa ní àwo òun wà tí òun fi ń dán an wò, ẹ má gbà, àwo tuntun lòun ń lò. Géèmù ọmọkùnrin, kó fowó ara ẹ̀ rà á.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ra PS3 slim lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan, mo fi ń wo fíìmù lórí fláàṣì. Àwọn kan ń ṣe, àwọn kan ò hàn rárá. Èyí tó wá dùn mí jù, mo ń wo fíìmù òyìnbó kan tó tuntun, bí ogún ìṣẹ́jú ohùn ẹ̀ gé, àwòrán ń lọ, wọ́n kọ nǹkan síbẹ̀ pé audio outputs temporarily muted, message code 3. Mo ti ra wáyà HDMI tuntun, kò yí padà. Ṣé ọ̀rẹ́ mi rẹ́ mi jẹ ni?
Àbúrò yín, Mọ̀pà

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ọ̀rẹ́ rẹ ò rẹ́ ọ jẹ, owó wáyà lo fi ṣòfò. Cinavia ni wọ́n ń pe ohun tó gé ohùn yẹn. Àwọn tó ni fíìmù ti fi àmì kan pa mọ́ sínú ohùn fíìmù fúnra ẹ̀, etí èèyàn ò lè gbọ́ ọ, ẹ̀rọ ló ń gbọ́ ọ, tó bá ti gbọ́ ọ nínú fíìmù tí kò sí lórí àwo tí wọ́n tà fún ọ, á gbé ohùn mì. Bó o bá dà á kọ lọ sórí fláàṣì mìíràn, àmì yẹn á bá a lọ ni, inú ohùn ló wà, bí iyọ̀ tó ti yọ́ sínú ọbẹ̀. PS3 ní in, PS4 náà ní in, láti February 2012 ló sì ti di dandan fún gbogbo plẹ́yà Blu-ray tuntun. Plẹ́yà tó jẹ́ DVD nìkan, kò di dandan fún un. Code 3 tó o rí yẹn, ẹ̀dà tí wọ́n dà kọ láti ara àwo ló ń sọ. Code 1 ni wọ́n máa kọ tó bá jẹ́ èyí tí ẹnì kan gbé kámẹ́rà wọ sínímá lọ yà, ìyẹn á dá fíìmù dúró pátápátá. Ra àwo tó jẹ́ ojúlówó, kò ní gé. Mi ò mọ ọ̀nà ẹ̀yìn, bí mo bá tilẹ̀ mọ̀ ọ́n mi ò ní kọ ọ́ síbí, àwọn òṣèré wa náà ń ké lórí ọ̀rọ̀ àdàkọ yìí lójoojúmọ́.

Ti àwọn tí ò hàn, wo ìparí orúkọ fáìlì wọn. Tó bá jẹ́ MKV, PS3 ò mọ̀ ọ́n, MP4 àti AVI ló ń jẹ. Fláàṣì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ FAT32, ìyẹn ọ̀kan nínú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣètò fláàṣì, FAT32 ò sì gba fáìlì tó tó 4GB. PS4 ní tiẹ̀ ń gba exFAT, ó ń gba MKV.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Láti ìgbà ọyẹ́ ni plẹ́yà mi ti ń kọ No Disc, bẹ́ẹ̀ àwo wà nínú ẹ̀. Ẹni tó ń tún nǹkan ṣe ládùúgbò ní ojú ẹ̀ ti fọ́, kí n wá owó ojú tuntun wá.
Ìyá Ìbejì, Ẹ̀gbẹ̀

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ má tíì sanwó. Eruku ọyẹ́ ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun. Ojú kékeré kan wà nínú plẹ́yà tó dà bí ojú ẹja, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ka àwo láti ìsàlẹ̀, ìgbà tí eruku bá bò ó kò ní rí nǹkan kan, á ní àwo ò sí. Kẹ́ ẹ tó tú ẹ̀rọ, ẹ kọ́kọ́ fi àwo tí kò họ rárá dán an wò. Ẹ nu àwo pẹ̀lú aṣọ òwú rírọ̀, láti àárín lọ sí etí, ẹ má fi aṣọ yí i po bí ìgbà téèyàn ń fọ abọ́, torí yíyí po gan-an ni ìlà àkọsílẹ̀ ibẹ̀ ń lọ, tẹ́ ẹ bá họ ọ́ báyẹn ohun tó pọ̀ ló máa sọnù lẹ́ẹ̀kan náà.

Tó bá kọ̀, ẹ yọ wáyà iná kúrò lára ògiri pátápátá, ẹ jẹ́ kí ọmọ tó máa ń fara balẹ̀ ṣí ìdérí ẹ̀, kó fi òwú tí wọ́n fi ń nu etí, tó ti kan spirit díẹ̀, pa ojú yẹn rọra bí ẹni ń nu ojú ìkókó, kó fi sílẹ̀ kó gbẹ. Ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á bá a. Ẹni tí ò bá lè ṣe é, àwo kan wà tí wọ́n so búrọ́ọ̀ṣì kéékèèké mọ́ lára tí wọ́n ń tà fún un, kò dára tó ti ọwọ́ ṣùgbọ́n ó sàn ju kéèyàn máa gbá plẹ́yà lórí lọ. Tó bá tún kọ̀ lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ẹni tó ń tún un ṣe lè má parọ́. Kẹ́ ẹ bi í léèrè iye tí plẹ́yà tuntun jẹ́ kẹ́ ẹ tó ra ojú, nígbà míì owó méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Lọ́dún tó ń bọ̀ tí ọyẹ́ bá wọlé, ẹ ta aṣọ lé e lórí tẹ́ ẹ bá ti pa á tán, ìgbà tẹ́ ẹ bá ń wò ó kẹ́ ẹ ká aṣọ kúrò, ooru máa pa á.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè kékeré. Ṣé Nintendo Switch lè ṣe DVD? Xbox ńkọ́?
Ìsánlú

ÌDÁHÙN: Switch, rárá, kò ní ibi tí àwo ń wọ̀. Xbox, ó dá lórí èyí tó o rí. Xbox 360 ti 2005 ń ṣe DVD, kì í ṣe Blu-ray, tó bá sì jẹ́ ti Amẹ́ríkà wo bíríkì iná ẹ̀, àpótí tó wà lára wáyà ẹ̀, dáadáa, ìwọ náà ti ka ìtàn PS2 mi. Xbox One ti 2013 ń ṣe Blu-ray, One S ti 2016 àti Series X ti 2020 ń ṣe Blu-ray 4K mọ́ ọn. Series S ò lẹ́nu, One S kan náà wà tí wọ́n kọ All-Digital sí, òun náà ò lẹ́nu. Láti Xbox One síwájú, o máa fi dátà gba áàpù Blu-ray sí i kó tó lè ka àwo fíìmù, DVD pàápàá, nítorí náà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù rẹ bá dára, ṣe é kó o tó pe àwọn èèyàn wá wo fíìmù.